Ẹ Dá Fìlà Wọn Padà

Nígbà tí ẹ̀dà àyẹ̀wò ìwé náà dé láti ilé ìtẹ̀wé, kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀, Bàbá Ayàwòrán ṣí i sí ojú ewé kẹta, ó wò ó, ó sì pa á dé. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó gbé e wọ̀ padà, ó tún ìwé náà ṣí. Ohun tó wà níbẹ̀ kò yí padà.

Àwòrán tirẹ̀ kò ní àbùkù. Ọkùnrin kan tó sanra bí àgbá jókòó lórí àga, ikùn rẹ̀ tú sórí itan bí ìyẹ̀fun búrẹ́dì tó wú kọjá etí abọ́. Lábẹ́ ìdí ọkùnrin náà, ìrù ajá kékeré kan yọ síta, ó dúró ṣánṣán bí ìka tó ń tọ́ka sí olè. Ìsàlẹ̀ àwòrán ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí:

Ribiti jokoo lori Ribiti. Ribiti ko mọ. Ribiti n ke.

"Ta ló jókòó lórí ta?" Bàbá Ayàwòrán bi ògiri léèrè. Ògiri kò mọ̀.

Nínú ìwé tí ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ọ̀rọ̀ náà kò rú ọmọdé kankan lójú. Rìbìtì ni ọkùnrin náà. Ohùn ìsàlẹ̀ ni gbogbo orúkọ rẹ̀, ó wúwo bí ara rẹ̀ ṣe wúwo. Ríbítí ni ajá. Ohùn òkè ni tirẹ̀, ó kéré, ó fúyẹ́, ó ń ta pọ́ún pọ́ún. Rìbìtì jókòó lórí Ríbítí. Rìbìtì kò mọ̀. Ríbítí ń ké. Ọmọdé á ka ìyẹn, á rẹ́rìn-ín títí á fi yọ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Èyí tí wọ́n tẹ̀ yìí ńkọ́? Ẹnì kan jókòó lórí ara rẹ̀, kò mọ̀, ó sì ń ké. Wèrè nìyẹn, kì í ṣe àwàdà.

Tíṣà àwọn ọmọ kékeré ni ìyàwó rẹ̀ títí ó fi kú nígbà òjò tó kọjá. Kì í fi àmì ohùn dẹ́rù ba ọmọ. Kì í tilẹ̀ pè é ní àmì. Fìlà ló ń pè é.

"Fìlà yìí ń gòkè," á wí, á fi ṣọ́ọ̀kì pupa fà á sórí lẹ́tà lójú pátákó. "Èyí ń sọ̀kalẹ̀. Ẹni tí kò bá dé fìlà, àárín ló wà, kò bá ará òkè ṣe, kò bá ará ìsàlẹ̀ ṣe. Àwọn kan sì wọ bàtà." Ẹsẹ̀ kékeré tó ń wà lábẹ́ ẹ, lábẹ́ ọ, lábẹ́ ṣ, bàtà nìyẹn.

Lẹ́yìn náà á sọ ìtàn ẹlẹ́rìn-ín kan, á gbé àwòrán rẹ̀ sókè kí wọ́n rí i. Bí ẹ̀rín bá rọlẹ̀, á ní: "Ó yá, ẹ wá ọ̀rọ̀ wúwo fún Rìbìtì. Ẹ wá ọ̀rọ̀ fífúyẹ́ fún Ríbítí." Ìhà kan á bẹ̀rẹ̀: gbàgà, tìtì, gbì, rọ̀gọ̀dọ̀. Ìhà kejì á dáhùn: kíá, fẹ́lẹ́, wéré, kíńkín. Á ní kí wọ́n fi wúwo kọ ìlà kan, kí wọ́n fi fífúyẹ́ kọ ìlà kejì, kí ìlà kejì sì máa fi èkíní ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ tí kò tíì mọ okùn bàtà dì ṣe ń kọ ewì. Kò ní sọ fún wọn pé ewì ni, àfi ìgbà tí wọ́n bá kọ ọ́ tán, kí ẹ̀rù má baà bà wọ́n.

Ìdí tábìlì ìjẹun ni àwọn méjèèjì ti ń ṣe iṣẹ́ náà ní ìrọ̀lẹ́. Òun á máa sọ ìtàn, ọkọ rẹ̀ á máa yà á. Pátákó ṣọ́ọ̀bù ni Bàbá Ayàwòrán fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ, orí tí wọ́n gẹ̀ fún onígbàjámọ̀, eyín funfun fún dókítà eléyín. Ọwọ́ rẹ̀ dúró, ojú rẹ̀ kì í rẹ́rìn-ín.

"Jẹ́ kí ikùn rẹ̀ tóbi sí i," ìyàwó rẹ̀ á wí.

"Ó ti tó."

"Kò tíì tó. Àwọn ọmọ mi mọ ohun tí wọ́n ń pè ní ikùn."

Á fà á sí i. Ìyàwó rẹ̀ á fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ á máa gbọ̀n. Òun náà á tẹrí mọ́lẹ̀ bí ẹni tó ń wá pẹ́ńsù, nítorí kò fẹ́ kí ó rí ẹ̀rín lẹ́nu òun.

Nísinsìnyí, wọ́n ti ṣí fìlà lórí gbogbo wọn. Láti ewé àkọ́kọ́ títí dé ìkẹyìn, bàtà wà lẹ́sẹ̀, orí ṣófo, bí èrò tí ìjì pàdé lójú ọ̀nà.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ló gbé ìwé náà lọ sí ilé ìtẹ̀wé lẹ́yìn ìsìnkú, òun náà ló sì gbé ẹ̀dà àyẹ̀wò wálé. Ó jókòó níwájú bàbá rẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

"Dádì, ẹ kúrò lójú ewé yẹn ná. Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé, bí wọ́n ṣe kọ orúkọ Mọ́mì gàdàgbà-gadagba."

"Mo ti rí i."

"Ṣé kò wù yín ni?"

"Kò dé fìlà. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ yẹn, orúkọ ẹnikẹ́ni ló lè jẹ́."

"Dádì, iléèwé ti fẹ́ wọlé. Wọ́n ní bí àwọn ò bá tẹ̀ ẹ́ báyìí, ó di ọdún mìíràn. Ta ló mọ ohun tí ọdún mìíràn ń gbé bọ̀? Ẹ jẹ́ kó jáde, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ á fi àwòrán mọ̀ ọ́n."

"Ṣé àwòrán ló máa kọ́ wọn ní ewì ni? Mo fa ìrù ajá. Ìyá rẹ ló fi igbe sí i lẹ́nu."

"Mọ́mì ti kú, Dádì."

Ohùn pẹ̀lẹ́ tó máa ń fi bá ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀ ló fi sọ ọ́. Ohùn yẹn gan-an ni bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi ni mo di ojú rẹ̀." Ó dìde, ó mú fìlà tirẹ̀ lórí ìṣó, ó kó ìwé náà sábẹ́ apá, ó jáde.

Òkè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta táyà ni ilé ìtẹ̀wé náà wà, àtẹ̀gùn rẹ̀ ń rùn fún rọ́bà. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ìdì bébà ga dé ojú fèrèsé, fáànù ń mi orí, ọmọbìnrin kan tó ń tẹ ìwé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, Olóòtú sì wà lẹ́yìn tábìlì ńlá. Ìyàwó Bàbá Ayàwòrán ló kọ́ Olóòtú yìí ní ìwé kíkà. Nígbà náà ó kéré, ó rí róbótó, ẹnikẹ́ni kì í gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó bá wọ kíláàsì. Ríbítí ni Tíṣà ń pè é, ìgbà tó yá ló fi orúkọ náà sọ ajá inú ìtàn. Ìyẹn ti pẹ́. Nísinsìnyí, bó bá jókòó, àga ló ń ké.

"Bàbá wa! Ẹ káàbọ̀ sà. Ẹ jókòó, sà."

"Mi ò jókòó. Níbo ni fìlà wà?"

Olóòtú wo orí rẹ̀. "Ó wà lórí yín, sà."

Ọmọbìnrin tó ń tẹ ìwé rẹ́rìn-ín, ó yára fi ikọ́ bò ó. Bàbá Ayàwòrán kò wò ó. Ó gbé ìwé sórí tábìlì, ó ṣí ojú ewé kan níbi tí ewì àwọn ọmọ kíláàsì wà, ó fi ìka lé e.

"Ka èyí fún mi."

Olóòtú tẹjú mọ́ ọn. Ohun tó wà níbẹ̀ nìyí:

Ribiti n rin, ilẹ n mi titi.
Ribiti n rin, ilẹ ko gbọ.

Ó fi ìka tọ ìlà méjèèjì, kò kà á sókè.

"Ta ló kọ ewì yẹn?"

"Bàbá..."

"Mo ní ta ló kọ ọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ̀yin, ọ̀gá?" Ọmọbìnrin náà yí àga padà. "Ẹ̀yin lẹ kọ èyí tí ilẹ̀ ò gbọ́ yẹn? Ẹ ò sọ fún wa!"

"Ọmọ ọdún mélòó lo wà nígbà yẹn?"

"Mẹ́fà, sà."

"Ọmọ ọdún mẹ́fà dé fìlà fún un. Àgbàlagbà tó ń jẹ́ Olóòtú wá ṣí i. Rìbìtì ń rìn, ilẹ̀ ń mì tìtì. Ríbítí ń rìn, ilẹ̀ kò gbọ́. Ọjọ́ tó o kọ ọ́, Tíṣà gbé e wálé fún mi, ó kà á lórí ìdúró, kò tíì bọ́ bàtà. Ó ní, 'Wo ohun tí ọmọ yìí ṣe. Kò sọ pé ajá kéré. Ilẹ̀ ló ní kó jẹ́rìí.' Lónìí, ìwọ fúnra rẹ ló sọ ẹlẹ́rìí di òpùrọ́. Ilẹ̀ mì, ilẹ̀ ò gbọ́. Èwo ni ká gbà?"

Olóòtú fi àǹkáṣíìfù nu ọrùn. Ó ṣàlàyé. Pẹ́ńsù dúdú ni Tíṣà fi kọ ọ̀rọ̀, pẹ́ńsù pupa ló fi fa fìlà, fótókọ́pì wọn kì í sì í rí pupa dáadáa. Ohun tí ẹ̀rọ rí ló gbé jáde, ohun tó gbé jáde ni ọmọ iṣẹ́ tẹ̀.

"Ohun tí mo rí ni mo tẹ̀, Bàbá," ọmọbìnrin náà wí.

"Ìwọ kọ́ ni mo ń bá wí. Ìwọ kò mọ̀ ọ́n. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ni mò ń bá wí. Ẹ̀rọ kò rí pupa, ìwọ náà kò ha rí i?"

"Mo rí i, sà. Mo rò pé... kò pọn dandan mọ́. Ìwé tí à ń tẹ̀ báyìí, ọ̀pọ̀ ni kì í ní àmì. Àwọn èèyàn ń fòye gbé e." Ó rí ojú tí bàbá náà ṣe, ó sáré mú ohùn ìtùnú bọnu. "Ṣùgbọ́n kò burú, sà! Kọ̀ǹpútà wa tuntun mọ bí wọ́n ṣe ń fi í sí i. Kíá ni. Bá wa tẹ̀ ẹ́, Àǹtí."

Ọmọbìnrin náà tẹ bọ́tìnnì kan. Fìlà rọ̀ sójú ìwé bí òjò yìnyín. Ojú ewé tó pá lórí lẹ́ẹ̀kan náà ti kún fún àmì, ó ń dán, ó rí bí ohun tó gún régé. Olóòtú mí kanlẹ̀. "Ẹ ò rí i, sà?"

"Kà á," Bàbá Ayàwòrán wí.

Ìtàn ọmọ tó gbọ́ràn sí ìyá rẹ̀ lẹ́nu ni ọmọbìnrin náà bá pàdé. Tíṣà ti kọ ọ́ pé ọmọ náà fọ gbogbo àwo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́. Ọmọbìnrin náà gbé ohùn sókè: "Ó fọ́ gbogbo àwo láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an níṣẹ́." Ó dúró. "Ọmọ rere! Gbogbo àwo!"

"Máa bá a lọ."

"Inú ìyá rẹ̀ dùn. Bàbá ń sun lórí àga." Ó yí ojú padà sí wọn. "Yéè, ẹ bomi pa Bàbá o! Ẹ pe panápaná!"

Olóòtú bú sẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó bú sẹ́rìn-ín. Rìbìtì àti Ríbítí ńkọ́? Kọ̀ǹpútà ti sọ àwọn méjèèjì di Ríbìtí, orúkọ tí ẹnikẹ́ni kò jẹ́ rí, àti èèyàn àti ajá.

Bàbá Ayàwòrán kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé ká ní ìyàwó òun wà níbẹ̀ ni, á ti fi ọwọ́ bo ojú, èjìká rẹ̀ á ti máa gbọ̀n, á ní kí òun ya Bàbá tó ń jó lórí àga náà kíákíá. Àwàdà náà dára. Ẹni tí wọn ì bá ṣe é fún kò sí.

"Ó tó," ó ní. "Gbé èyí tí ó fọwọ́ kọ wá. Ká ti ibẹ̀ dá a padà."

Kò sẹ́ni tó dìde.

"Mo ní ẹ gbé e wá."

"Bàbá, ẹ jókòó ná, sà."

"Níbo ló wà?"

Olóòtú ń wo tábìlì. "A palẹ̀ yàrá ẹ̀yìn mọ́, sà. Gbogbo ìwé tí a bá ti ṣe fótókọ́pì rẹ̀... àwọn tó ń ra bébà àlòkù ló wá kó wọn. Èmi kò sí nílé lọ́jọ́ náà. Mo bú àwọn ọmọ iṣẹ́ nígbà tí mo dé."

"Kí ni wọ́n ń fi bébà àlòkù ṣe?"

Ọmọbìnrin náà ló dáhùn, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Wọ́n fi ń di ẹ̀pà, sà."

Bàbá Ayàwòrán kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Ní ìsìnkú pàápàá, àwọn àna rẹ̀ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé ojú ọkùnrin yìí gbẹ bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Ó dúró síbi tó wà. Ó rí ìwé ìyàwó rẹ̀ lọ́kàn, ọ̀rọ̀ dúdú, fìlà pupa, wọ́n ká a ṣóńṣó bí ìwo, ẹnì kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ń da ẹ̀pà jáde nínú rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń fẹ́ èèpo dànù, ó ń fún ìwé náà rúmúrúmú, ó ń sọ ọ́ sí gọ́tà.

Ó fa ẹ̀dà àyẹ̀wò náà mọ́ra. Ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ dáadáa, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan di ẹ̀yìn rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya ewé tó ní àwòrán kúrò, lọ́kọ̀ọ̀kan, jẹ́jẹ́, gbọnrangandan, bí ẹni tó ń fi rúlà ṣe é.

"Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe?"

"Mò ń kó ẹrù mi. Ọ̀rọ̀ ni ọmọ mi fọwọ́ sí fún yín. Àwòrán jẹ́ tèmi. Mi ò fọwọ́ sí nǹkan kan."

"Bí ẹ bá yọ àwòrán, kò sí ìwé mọ́, sà."

"Kò sí i tẹ́lẹ̀. Bébà ni. Ẹ lọ fi di ẹ̀pà."

Ó ya òmíràn. Àga ké, Olóòtú ti dìde.

"Ẹ ṣé, sà! Ẹ bá wa sin Tíṣà lẹ́ẹ̀kejì!"

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ẹ bínú sí mi, ó tọ́ sí mi," Olóòtú wí. "Mo ṣe ohun tó burú, mo sì mọ̀ ọ́n nígbà tí mò ń ṣe é, mo gbé ojú kúrò. Ẹ bú mi. Bí ẹ bá fẹ́, ẹ gbá mi létí. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin nìkan kọ́ ló kú fún, Bàbá. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé tí a jọ ń ṣe é ló sọ fún mi pé ewì ọmọdé kì í tà. Mo ní ẹ jẹ́ kí n tẹ èyí, kí n má tẹ òmíràn mọ́. Kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ní iléèwé kankan. Àkọsórí ni wọ́n ń kọ́ wọn. Ọmọ mi á dúró, á ka ewì bí ẹni tó ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Bí ẹ bá ya ewé yẹn tán, ó parí nìyẹn. Ẹ óò ti borí mi. Ta ló máa wá gbọ́ pé Ríbítí ń ké?"

Bàbá Ayàwòrán di ewé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ mú. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, inú sì tún bí i pé ó wọ òun lára. Ó tún bí i pé ẹnu ẹni tó sọ fìlà nù ni òtítọ́ ti ń jáde. Ó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí á gé ọkùnrin náà lulẹ̀, ó sì ní i lẹ́nu. Ó gbé e mì.

"Fún mi ní bírò pupa," ó sọ fún ọmọbìnrin náà.

Ó yí tábìlì po, ó jókòó sórí àga Olóòtú, ó to àwọn ewé tó ti ya padà bí wọ́n ṣe wà.

"Kí ẹnikẹ́ni nínú yín tó gbọ́ ìtàn wọ̀nyí, etí tèmi ni wọ́n kọ́kọ́ wọ̀," ó ní. "Mo mọ bó ṣe ń pè wọ́n. Bí mo bá ti dé fìlà fún ewé kan, ìwọ á tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe dé e. Kọ̀ǹpútà yẹn kò gbọdọ̀ ran ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ìwọ Ríbítí, dúró síbẹ̀. Tí mo bá nílò rẹ, mà á pè ọ́."

"Bàbá, ibo ni kí n jókòó sí?"

"Mo ní dúró."

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Á ka gbólóhùn kan sókè, á fetí sí i, á fi bírò gún ojú ìwé bí ẹni tó ń kan ìṣó. Gòkè. Sọ̀kalẹ̀. Sọ̀kalẹ̀. Gòkè. Ọmọbìnrin náà ń tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e, kíákíá, kò ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Nígbà tó yá, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sókè sódò bó ṣe ń tẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Rìbìtì ti há sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lójú, ẹ̀rín gbé e, ó da orí lé tábìlì.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" Bàbá Ayàwòrán bi í.

"Ẹ má bínú, sà. Bí ẹ ṣe kà á ni. Ojú yín le, ohùn yín ń ṣeré."

"Ohùn mi kọ́ nìyẹn. Tẹ̀ ẹ́."

Kì í ṣe ohùn rẹ̀ lóòótọ́. Bó ṣe ń kà á, ohùn ìyàwó rẹ̀ ló ń bọ́ sí i lẹ́nu, ibi tó ti máa ń dúró díẹ̀, ibi tó ti máa ń sáré. Kò rò pé òun ṣì ní i. Kò dùn mọ́ ọn. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n kó ẹrù ilé ẹni sójú títì.

Ó wá ṣí ewé kan, bírò rẹ̀ dúró lókè.

Àwòrán obìnrin kan ni. Obìnrin náà dúró létí títì nínú òjò, ó di agbòjò tó ti ya mú, òjò ń gba ibi tó ya kọjá sí i ní imú. Ọ̀nà náà gùn, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀:

Mo n reti ọkọ mi.

Ó fi fìlà sórí ń, ó fi sórí í. Ó dé orí ọkọ, ọwọ́ rẹ̀ kò lọ.

Ọkọ̀ ni obìnrin náà ń retí, bí ẹni tó dúró sí ibùdókọ̀? Tàbí ọkọ́, bí ẹni tí alágbẹ̀dẹ bá pọ́n irinṣẹ́? Tàbí ọkọ rẹ̀ ni? Ó wá a lọ sínú orí rẹ̀, kò bá a. Ó rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ya obìnrin náà dáadáa, nítorí wọ́n jà. Ó fẹ́ ya ohun tó ń bọ̀ lójú ọ̀nà náà. Ìyàwó rẹ̀ kọ̀. "Má yà á," ó ní. Ó béèrè pé kí ló dé. "Ṣáà má yà á." Inú bí i, ó ní àwòrán tí kò parí ni, ó lọ sùn. Kò béèrè mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kò sì sọ.

Inú bí i nígbà náà ju bó ṣe bí i láti àárọ̀ lọ, kì í sì í ṣe sí Olóòtú, kì í ṣe sí ẹlẹ́pà. Gbogbo ọdún tí wọ́n fi jókòó sídìí tábìlì kan náà! Ó mọ iye ṣúgà tó ń fẹ́ nínú tíì. Ó mọ ẹsẹ̀ tó máa ń kọ́kọ́ dùn ún. Obìnrin náà mọ̀ pé òun ń kú, ó mọ̀ ọ́n kí dókítà tó mọ̀ ọ́n, ó kó aṣọ rẹ̀ fún ẹni tó kó o fún, ó sọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Èwo ni kí ó wá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀ láìsọ? Ta ni kí òun wá bi?

"Bàbá?" ọmọbìnrin náà pè é.

Ó mi orí sí Olóòtú. Ó nira fún un. "Èyí. Nígbà tó kọ́ yín ní èyí, kí ni ó pè é?"

Olóòtú tẹ̀ síwájú, ó wo obìnrin inú òjò. Ojú rẹ̀ rọ̀. "Háà. Eléyìí dá ìjà sílẹ̀ ní kíláàsì wa, sà. Èmi ní ọkọ̀ ni, mo kọ ewì dírẹ́bà tó gbàgbé èrò. Ẹnì kejì mi ní irọ́ ni, ọkọ́ ni, ó já ìwé mi gbà. Ariwo sọ. A ní kí Tíṣà dá a."

"Kí ló wí?"

"Kò dá a, sà. Ó ní kí kálukú dé fìlà tó wù ú fún un, kó kọ èyí tó kù."

"Mi ò bi ọ́ ní ohun tí ẹ̀yin dé fún un. Òun ńkọ́? Lójú pátákó, èwo ni òun fi sí i lórí?"

Olóòtú rò ó. "Kò fi nǹkan kan sí i, sà. Ó dá mi lójú. Gbogbo èyí tó kù ló ní pupa lórí. Ìyẹn nìkan ni orí rẹ̀ ṣófo. A rò pé ó fi í sílẹ̀ fún wa ni."

Fáànù ń mi orí. Bàbá Ayàwòrán gbé bírò kúrò lókè ìwé, ó sọ ọ́ kalẹ̀.

"Ṣé ọkọ̀ ni kí n tẹ̀, Bàbá?" ọmọbìnrin náà béèrè. "Àbí ọkọ́?"

"Má fi nǹkan kan lé e lórí."

"Bó ṣe wà yẹn?"

"Bó ṣe wà yẹn. Tẹ̀ ẹ́, kó o kà á fún mi kí n gbọ́."

Ọmọbìnrin náà tẹ̀ ẹ́. Ó tẹjú mọ́ ojú kọ̀ǹpútà, ó sì kà á ketekete, bí ọmọ iléèwé tí kò fẹ́ kí wọ́n bá òun wí:

"Mo ń retí ọkọ mi."

Olóòtú wo bàbá náà, ó yára gbé ojú kúrò, ó lọ dúró sídìí fèrèsé, ó ń wo àwọn táyà nísàlẹ̀.

Bàbá Ayàwòrán bọ́ awò ojú. Ó nù ún pẹ́ títí, ó gbé e wọ̀, ó mú bírò pupa.

"Ṣí ewé tó kàn," ó ní. "Iṣẹ́ ṣì pọ̀, mi ò sì tíì dárí ji ẹnikẹ́ni."